Ewúro, kíkorò rẹ̀, àti antioxidant tí wọ́n ń tà fún wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọkọ mi ní ìtọ̀ ṣúgà, metformin ni wọ́n ní kí wọ́n máa lò. Láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ni mo ti ń gbo ewúro fún wọn láràárọ̀, a sì rí i pé ṣúgà wọn ń wálẹ̀. Ẹnìkan wá ń ta ewúro tí wọ́n lọ̀ sínú kápúsù fún wa. Ó ní antioxidant inú rẹ̀ pọ̀ ju ti èso èyíkéyìí lọ, pé ó ń fọ májèlé kúrò lára, pé ewúro tí à ń fọ̀ ká tó fi se ọbẹ̀ kò ní nǹkan kan nínú mọ́. Ṣé òótọ́ ni pé tí a bá ti fọ kíkorò rẹ̀ dànù, a ti da oògùn inú rẹ̀ nù? Ṣé kí n ra kápúsù náà? Ṣé ọkọ mi sì lè dín metformin kù?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o, mà. Kí Olódùmarè fún wọn ní àlàáfíà.

Èyí tí ẹ bi mí kẹ́yìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló lè yára ṣe jàǹbá. Kí bàbá má ṣe dín metformin kù fúnra wọn. Ewúro àti metformin ni wọ́n ń lò pọ̀. Bí ṣúgà bá wálẹ̀, ta ló lè sọ pé ewúro nìkan ló fà á? Ṣúgà tó ń gòkè kì í sì í pariwo. Ojú, kíndìnrín àti iṣan ẹsẹ̀ ló máa ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí èèyàn tó fura. Dókítà tó kọ oògùn náà ló lè dín in, lẹ́yìn tó bá ti rí èsì àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń fi hàn bí ṣúgà ṣe rí láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kan péré. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ oògùn yìí, nítorí ó ní ibi tó le sí.

Ó wá ku ewúro fúnra rẹ̀. Nǹkan méjì ni ẹni tó ń ta kápúsù lú pọ̀ mọ́ra wọn fún yín: ohun tó ń mú ewúro korò, àti ohun tí wọ́n ń pè ní antioxidant, ìyẹn èròjà tó ń dènà kí ọ́síjìn ba nǹkan jẹ́ nínú ara. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀kan náà ni, pé bó bá ṣe korò tó ni antioxidant rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èròjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe yàtọ̀, ewu wọn náà sì yàtọ̀.

Ewúro tí mò ń sọ ni èyí tó ń di igi, tí àwọn onímọ̀ ewéko mọ̀ sí Vernonia amygdalina, tí ìwé tuntun ń pè ní Gymnanthemum amygdalinum. Ewúro òdò kì í ṣe òun o. Ẹbí ni wọ́n, àmọ́ ewéko mìíràn ni, ohun tí a bá rí nínú ọ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí fún èkejì.

Ọ̀wọ́ èròjà méjì ló ń mú un korò. Èkíní ni àwọn tí wọ́n ń pè ní sesquiterpene lactone: vernodalin, vernolide, vernomygdin. Ewé náà ń fi wọ́n gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò àti ẹranko tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. Ní 1969, Kupchan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yọ vernodalin àti vernomygdin jáde nínú ewúro, wọ́n sì rí i pé wọ́n ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n ń tọ́jú nínú àwo. Láti ìgbà yẹn ni àwọn kan ti ń kéde pé ewúro ń wo jẹjẹrẹ sàn. Èèyàn kọ́ ni wọ́n fún lò nínú àyẹ̀wò yẹn. Ohun tó bá lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo lè pa sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣàìsàn náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro wà.

Ọ̀wọ́ kejì ni saponin tí wọ́n sọ ní vernonioside. Ẹ̀yin náà ti rí iṣẹ́ saponin: bí ẹ bá ń gbo ewúro nínú omi, omi náà á máa hó, tí funfun rẹ̀ á gbá jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n. Òun ló ń mú un hó bẹ́ẹ̀.

Ìtàn kan wà lórí àwọn èròjà méjèèjì yìí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ní 1987, ní àwọn òkè Mahale ní Tanzania, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu Kalunde ń ṣọ́ àwọn chimpanzee, oríṣi ìnàkí kan, nínú igbó, wọ́n sì rí ọ̀kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka ewúro, ó ju ewé rẹ̀ nù, ó bó èèpo rẹ̀ kúrò, inú rẹ̀ tó rọ̀ ló ń jẹ lẹ́nu tó ń fa omi rẹ̀ mu. Lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Yunifásítì Kyoto ní Japan yẹ igi náà wò, wọ́n rí vernonioside nínú apá tí ẹranko náà ń fà mu; wọ́n sì rí i pé inú ewé ni vernodalin pọ̀ sí, ó sì ṣe eku ní ìjàǹbá gidi nígbà tí wọ́n fún un. Ẹ ò rí i pé ibi tí oró pọ̀ sí jù ni chimpanzee yẹn jù nù. Àwa ewé la ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé fífọ̀ tí àwọn ìyá wa ń fọ ewúro kì í ṣe ìfiṣòfò rárá. Ọgbọ́n ni.

Antioxidant ewúro wá jẹ́ ọ̀wọ́ kẹta. Flavonoid, ọ̀wọ́ èròjà kan tó máa ń wà nínú ewéko, pọ̀ nínú rẹ̀, pàápàá èyí tó ń jẹ́ luteolin. Bákan náà ni chlorogenic acid àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ní 1994, Igile, ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilé wa àti láti Poland, tẹ iṣẹ́ kan jáde níbi tí wọ́n ti yọ luteolin oríṣi mẹ́ta láti inú ewé ewúro: luteolin tó dá wà, èyí tí glucose so mọ́, àti èyí tí glucuronic acid so mọ́. Wọ́n dán wọn wò bóyá wọ́n lè dènà kí ọ̀rá bàjẹ́ lọ́wọ́ ọ́síjìn. Gbogbo wọn ṣe é, èyí tó dá wà ló sì lágbára jù. Nítorí náà, pé antioxidant wà nínú ewúro kì í ṣe irọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ lé e lórí ni kí ẹ fara balẹ̀ gbé yẹ̀ wò.

Kí ni antioxidant ń dènà gan-an? Bí ara wa ṣe ń lo ọ́síjìn láti rí agbára nínú oúnjẹ, àwọn èròjà kan máa ń jáde tí wọ́n ń pè ní free radical. Electron wọn, ìyẹn egunrín tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, kò pé méjì-méjì bó ṣe yẹ, ọ̀kan ṣẹ́kù tí kò ní ìkejì. Ẹni tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan lọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tó wá mú ẹsẹ̀ bàtà ẹlòmíràn wọ̀ lọ sílé, ni wọ́n jọ: ẹni tó ni bàtà yẹn náà á mú ti ẹlòmíràn, títí tí gbogbo bàtà á fi dàrú. Ọ̀rá tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, prótéènì, àti DNA pàápàá ni free radical máa ń gba electron lọ́wọ́ wọn. Antioxidant ni ẹni tó lè yọ bàtà tirẹ̀ fún un láì wá gba ti ẹnikẹ́ni. Luteolin lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí bí a ṣe to èròjà rẹ̀ jẹ́ kó lè fi electron sílẹ̀ kó sì wà jẹ́jẹ́. Nínú ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, free radical máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nítorí ṣúgà tó ga, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ antioxidant fi máa ń wọ ìdílé irú yín létí kíákíá.

Ẹ lè rí iṣẹ́ yìí nílé. Ẹ gbé ife omi ewúro kan tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbo kalẹ̀, kó wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àwọ̀ ewé tó tutù yọ̀yọ̀ yẹn á ṣókùnkùn, á máa fà sí àwọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí ẹ gbo ewé náà, ẹ ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Énsáìmù kan (èròjà tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yára) tó ń jẹ́ polyphenol oxidase bọ́ síta, ó bá chlorogenic acid àti àwọn yòókù pàdé, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sì dá sí i. Ṣíṣókùnkùn yẹn fi hàn pé apá kan antioxidant náà ti lò ara rẹ̀ tán sínú afẹ́fẹ́, kò dé ọ̀dọ̀ bàbá.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára páálí wá ńkọ́, pé tiwọn pọ̀ ju ti èso lọ? Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń rí nọ́ńbà yẹn. Èròjà kan wà nínú yàrá àyẹ̀wò tó ń jẹ́ DPPH. Free radical ni òun fúnra rẹ̀, àmọ́ kì í yára parẹ́. Tí a bá yọ́ ọ sínú methanol, àwọ̀ èsè àlùkò tó rẹwà ló máa ń ní. A ó wá kán omi tí a yọ láti inú ewé sí i. Bí antioxidant bá wà nínú rẹ̀, àwọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, á di pupa rúsúrúsú, lójú èèyàn kòrókòró. A ó gbé túùbù náà sínú ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ ní 517 nanometre, ẹ̀rọ náà á sọ bí àwọ̀ ṣe ṣí tó. Ó tán. Àyẹ̀wò dáadáa ni, kò wọ́n, ó yá, a sì lè fi mọ̀ bóyá ewé tí a sá lóòrùn yàtọ̀ sí èyí tí a sá lábẹ́ ibòji. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kò sí nínú túùbù yẹn: kò sí ikùn, kò sí ìfun, kò sí ẹ̀dọ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí luteolin bá wọ inú èèyàn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gba ara ìfun kọjá. Kódà kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀, ara ìfun àti ẹ̀dọ̀ á ti so nǹkan mìíràn mọ́ ọn, kí ara lè tètè fi ìtọ̀ àti bile, ìyẹn omi òróòro, gbé e jáde. Ohun tó máa ń kù kiri nínú ẹ̀jẹ̀ kéré gan-an sí iye tí a máa ń dà sínú túùbù. Ara ń ṣe é bí àlejò tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀gbìn, USDA, fi yọ àtẹ ORAC wọn kúrò ní 2012. Irú nọ́ńbà antioxidant bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò síbẹ̀ fún oríṣiríṣi oúnjẹ, àwọn oníṣòwò sì sọ ọ́ di ohun ìpolówó. Ilé iṣẹ́ náà ní nọ́ńbà wọ̀nyẹn kò fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara èèyàn hàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bó bá pọ̀ jù, kò lè pani lára. Ní Fínlándì, wọ́n fún àwọn ọkùnrin amusìgá ní beta-carotene, ògbóǹtarìgì antioxidant, miligíráàmù 20 lójoojúmọ́. Àwọn tó wà nínú àyẹ̀wò náà jẹ́ 29,133. Ìrètí wọn ni pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró á dín kù. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, nínú àwọn tó lo beta-carotene, jẹjẹrẹ náà fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní CARET ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fi Fítámì A kún un, ni wọ́n dá dúró ní January 1996, torí ìdá 28 ni tiwọn fi pọ̀ sí i. Kárọ́ọ̀tì, tí beta-carotene pọ̀ nínú rẹ̀, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Beta-carotene tí wọ́n kó jọ sínú kápúsù ló ṣe é.

Kí ni ewúro wá ń ṣe lára nígbà náà? Nínú eku tí wọ́n kó ìtọ̀ ṣúgà bá, àyẹ̀wò tó pọ̀ ti fi hàn pé omi ewúro ń mú ṣúgà wálẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí àwọn énsáìmù ààbò inú ẹ̀dọ̀, bíi superoxide dismutase àti catalase, gbérí sókè. Èyí ni apá tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ara ní antioxidant tirẹ̀ tó ju ohun tí à ń jẹ lọ, ó sì ń pè wọ́n jáde nígbà tí ó bá nílò wọn. Prótéènì kan nínú sẹ́ẹ̀lì wa ń jẹ́ Nrf2. Prótéènì mìíràn, Keap1, ló ń dì í mú. Tí ohun kan tó ń ta sẹ́ẹ̀lì lára díẹ̀ bá wọlé tó so mọ́ Keap1, Nrf2 á bọ́, á lọ sínú nukilíọ́sì, ibi tí DNA sẹ́ẹ̀lì wà, á sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè énsáìmù ààbò. Irú ohun tó mọ bí a ṣe ń so mọ́ Keap1 ni àwọn sesquiterpene lactone, ìdílé tí vernodalin ti wá. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé díẹ̀ lára kíkorò ewúro ń ta ara jí láti gba ara rẹ̀, nígbà tí púpọ̀ rẹ̀ jẹ́ májèlé pọ́ńbélé.

Ẹ̀yin bi mí bóyá fífọ̀ ń da oògùn inú rẹ̀ nù. Ó ń da díẹ̀ nù, kì í da gbogbo rẹ̀ nù. Kíkorò ló ń kọ́kọ́ lọ, saponin ń bá a lọ. Fítámì C máa ń yọ́ sínú omi, ó ń lọ pẹ̀lú. Chlorogenic acid àti luteolin tó ní glucose lára ń yọ́ sínú omi, wọ́n á dín kù. Àmọ́ luteolin tó dá wà kì í fẹ́ràn omi, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ewé. Beta-carotene náà bẹ́ẹ̀, òróró inú ọbẹ̀ ló sì ń ran ara lọ́wọ́ láti gbà á. Kálísíọ̀mù díẹ̀ àti òkìtì fọ́nrán ewé ṣì wà níbẹ̀. Fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, fọ́nrán yẹn kì í ṣe ohun kékeré, torí ó ń jẹ́ kí ṣúgà inú oúnjẹ rọra wọ ẹ̀jẹ̀. Ewúro fífọ̀ ní nǹkan nínú, mà.

Ohun tí mo kórìíra nínú ọ̀nà tí à ń gbà fọ̀ ọ́ ni kán-ún. Kán-ún ń yára yọ kíkorò lóòótọ́, ó sì ń jẹ́ kí ewé rọ̀ kó tutù lójú, àmọ́ polyphenol, ìyẹn ìdílé tí luteolin àti chlorogenic acid wà, àti Fítámì C kì í lè dúró nínú omi kán-ún, ọ́síjìn á yára bà wọ́n jẹ́. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ bó bá pọn dandan. Ẹ má rẹ́ ewé náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ má sì rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. Ẹ fọ̀ ọ́ títí kíkorò rẹ̀ á fi wọ ìwọ̀n tí bàbá lè jẹ, kí ẹ dúró níbẹ̀. Kò pọn dandan kí omi rẹ̀ mọ́ gaara. Ìparí sísè ni kí ẹ dà á sínú ọbẹ̀.

Bí mo bá ní láti yàn fún bàbá, ọbẹ̀ ewúro ni màá yàn, dípò omi rẹ̀ láràárọ̀. Omi ewúro ló ń kó gbogbo kíkorò jọ sí ojú kan, fọ́nrán rẹ̀ sì ti dànù. Ewé ọ̀dọ́ kì í rí bákan náà pẹ̀lú ewé tó ti gbó, ti ìgbà òjò yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ife òní lè lágbára ju ti àná lọ láì sí ẹni tó máa mọ̀. Ẹni tó bá lóyún kò sì gbọ́dọ̀ máa mu ún, torí nínú ẹranko wọ́n ti rí i pé ó lè mú ilé ọmọ máa sún kì.

Kápúsù ńkọ́? Mi ò ní rà á. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé májèlé wo ni ó ń fọ̀, kó dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn tọ̀sán tòru. Bí NAFDAC bá ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ẹ ka ara páálí náà dáadáa: ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olùṣe rẹ̀ sọ wò. Èyí tí kò ní nọ́ńbà rárá ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní Singapore ní 2008, àwọn kan po oògùn ayédèrú fún agbára ọkùnrin, wọ́n sì fi glibenclamide, oògùn tó ń já ṣúgà sílẹ̀, sínú rẹ̀ láì kọ ọ́. Ó lé ní 100 èèyàn tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà tó dèrò ilé ìwòsàn, mẹ́rin nínú wọn sì kú. Bí ẹnikẹ́ni bá ta kápúsù ewé fún yín tó sì mú ṣúgà wálẹ̀ wìì láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìyẹn gan-an ni kí ẹ fura sí.

Ibẹ̀ la ti padà sórí oògùn bàbá. Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà sílẹ̀ jù. Glibenclamide, glimepiride àti insulin lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ewúro bá sì kún un, ewu náà pọ̀ sí i. Ẹ yẹ oògùn tó wà nínú àpò wọn wò lónìí, kí ẹ mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀. Bí bàbá bá ń làágùn tútù, tí ara wọn ń gbọ̀n, tí ebi òjijì ń pa wọ́n, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu wọn, ẹ yẹ ṣúgà wò. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ 70 mg/dL, ẹ fún wọn ní ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí wọn kò bá lè gbé e mì, tàbí tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà, ilé ìwòsàn ni, ẹ má da omi sí wọn lẹ́nu.

Ẹ wá ìwé kékeré kan. Ní ojoojúmọ́, ẹ máa kọ iye ṣúgà àárọ̀ sí i, oògùn tí wọ́n lò, àti bóyá wọ́n jẹ ewúro lọ́jọ́ náà tàbí wọn kò jẹ ẹ́. Ẹ gbé e lọ bá dókítà nígbà tí ọjọ́ wọn bá pé, kí ẹ sì sọ fún un pé bàbá ń lo ewúro, kódà bí kò bá bi yín.